Kí A Tó Da Ohùn Akéwì Sórí Fóònù, Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Tún Mọ́tò Ṣe

Bí a bá dárúkọ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìwé ni ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa máa ń sáré lọ bá. Bẹ́ẹ̀ ni apá kan lára lítíréṣọ̀ náà kò sí nínú ìwé rárá. Inú ike dúdú pẹrẹsẹ ni ó wà, níbi tí wọ́n ti fín ohùn ènìyàn sí lára yípo yípo. Mo ní láti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé èmi pàápàá, tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá fún ọdún pípẹ́ ní agbègbè Ìgándò, n kò ka irú lítíréṣọ̀ yìí kún, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi purọ́ mọ́ akéwì kan lójú mi, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ìyanu. Ṣéńjà ni àwọn bàbá wa ń pè é. Inú àpótí pákó ni wọ́n kàn án mọ́, ó ní ìdérí, ó sì ní bọ́tìnnì tí a fi ń yan bí àwo yóò ṣe yára tó. Ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ni bàbá mi gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn. Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, I.K. Dairo kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwo ewì ni ó pọ̀ jù, nítorí bàbá mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju ijó lọ. Nígbà tí wọ́n papò dà, àpótí yìí ni ogún kan ṣoṣo tí àwọn àbúrò mi kò bá mi dù.

Mo gbé e lọ sí kíláàsì SS 2 ní ọjọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ewì alohùn. Iná wà lọ́jọ́ náà. Mo gbé àwo ewì kan lé e, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, akéwì sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn tí mo mọ̀ láti kékeré kọ́ ni ó jáde. Ohùn náà lọ sókè díẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó ta jí, ó tún rọ̀. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ó nawọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ọkọ ni wọ́n pè ni, àbí ọkọ̀?" Mo gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó dà bí ọkọ. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dà bí ọkọ̀. Ojú tì mí. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo, n kò lè sọ ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan nínú àwo tí ó ti wà nílé wa láti ìgbà èwe mi.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni ó bí àròkọ yìí. Èrò mi kò sì lọ́jú pọ̀: mọ́tò inú ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wà lára irinṣẹ́ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, bí ó bá sì ti gbó, lítíréṣọ̀ ni ó ń bàjẹ́, kì í ṣe irin lásán. (Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe ọkọ̀ tí ń ná Ìyànà-Ìpájà sí Ìkọ̀tún o. Irin roboto kan tí kò tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ ni. Iná mọ̀nàmọ́ná ń yí i, òun náà sì ń yí àwo.) Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń fi owó àti àkókò tún mọ́tò inú ẹ̀rọ ìṣeré pinball àtijọ́ ṣe, kí ọta irin inú rẹ̀ lè máa ta kiri bí ó ṣe ń ta kiri ní ayé àwọn bàbá wọn. N kò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ṣeré bá lè tọ́jú mọ́tò tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó yẹ kí àwa ṣe sí mọ́tò tí ohùn àwọn akéwì wa rọ̀ mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ewu náà wà gan-an. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, bí ohùn ṣe ga tó dúró lórí bí àwo ṣe ń yára yí tó. Bí eré àwo bá dín kù, gbogbo ohùn á wálẹ̀. Bí ó bá pọ̀ sí i, wọ́n á gòkè. Bí eré náà bá fi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún dín, ohùn ti sọ̀ kalẹ̀ tó ìgbésẹ̀ kan lórí dùùrù, ìyẹn láti ojú funfun kan dé ojú dúdú tó tẹ̀ lé e. Fún orin Òyìnbó, adùn ni ìyẹn ń bà jẹ́. Fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó lè ba ìtumọ̀ jẹ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì kì í sì í gbòòrò púpọ̀.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí kí n má bàa sọ àsọdùn. Bí mọ́tò bá lọ́ra, ṣùgbọ́n tí ìlọ́ra rẹ̀ dọ́gba, ìtumọ̀ kò ní sọnù, nítorí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò jọ sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ ni. Ó kàn máa dà bí ẹni pé akéwì ti darúgbó, tàbí pé àìsàn ń ṣe é. Etí Yorùbá kì í fi òṣùwọ̀n wọn ohùn. Ó máa ń gbé ohùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ohùn kejì ni, kí ó tó mọ èyí tí ó ga. Mọ́tò tí ń ṣe ségesège gan-an ni ọ̀tá. Bí ó bá lọ́ra lórí sílébù kejì, tí kò sì lọ́ra lórí ti àkọ́kọ́, ó ti fi àmì ohùn tirẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òun ni ó ni ín. Ẹ wá ro ti dùndún tí ń gbè lẹ́yìn akéwì. Ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀ ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì tí a lè fi tọpa ohun tí ó ń wí. Ìlù kò ní ju ohùn àti gígùn ìró lọ. Bí mọ́tò bá ti da ohùn ìlù rú, ibo ni a ó ti tún wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí?

Mo wá ẹni tí yóò bá mi tún un ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá da epo sí gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin, ó sì da á sí ibi tí kò yẹ pẹ̀lú. Táyà rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ yìí, láàárín ọ̀pá mọ́tò àti etí àwo irin tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jókòó lé. Òun ni ó ń gba yíyí lọ́wọ́ mọ́tò tí ó sì ń fi fún àwo. Epo kan táyà yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ náà délé, àwo kò tilẹ̀ yí mọ́ bí abẹ́rẹ́ bá ti bà lé e. Mo sanwó fún ìyẹn o.

Ẹ̀yìn ọjà Ìkọ̀tún ni mo ti wá rí ọ̀gá kan tí ń rìwáyà mọ́tò. Ẹni tí ó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: kọ́ìlì bàbà pupa tí wọ́n so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta tí ó ti jóná, pọ́ńpù tí wọ́n fà jáde láti inú kànga ẹ̀rọ, fáànù láìníye, àti òórùn fáníìṣì tí wọ́n sá sóòrùn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Ibi tí èrò bá ti pọ̀ báyìí, ata lílọ̀ kò gbọdọ̀ dúró, omi fífà kò gbọdọ̀ dúró. Àwọn arìwáyà ni kì í jẹ́ kí wọ́n dúró. Síbẹ̀, n kò tíì rí ọjọ́ kan tí a pe ọ̀kan nínú wọn sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti wá sọ ohun tí ó mọ̀, bí a ṣe máa ń pe agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ báńkì.

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín múṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí àpótí mi. "Tíṣà, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti rí irú èyí gbẹ̀yìn." Wọ́n tú mọ́tò sílẹ̀, wọ́n fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn, wọ́n tún yí i. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé kọ́ìlì ni yóò ti jóná, nítorí ohun tí iná máa ń ṣe fún mọ́tò ní àdúgbò wa kò ṣàjèjì. Wọ́n fi mítà wò ó, wọ́n mi orí. "Iná ò jó o, Tíṣà. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Ìtumọ̀ òùngbẹ náà nìyí. Ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú búṣì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Idẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun, tí wọ́n fún mọ́ra, tí wọ́n sì fi iná mú un gan papọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe irú búṣì bẹ́ẹ̀. Ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí kún inú rẹ̀, àwọn ihò náà sì ń mu epo pamọ́ bí kànìnkànìn. Bí mọ́tò bá ń yí tí ara rẹ̀ ń gbóná, epo á sun jáde. Bí ó bá tutù, búṣì á fà á padà sínú. Ẹni tí ó ronú kan irú nǹkan báyìí gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, epo gbẹ, èyí tó kù dì bí oje igi, irin wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ihò búṣì ìsàlẹ̀ ti fẹ̀ ju ọ̀pá inú rẹ̀ lọ. Ọ̀pá náà ń gbọ̀n, ó ń há, ó ń jáwọ́, ó tún ń há. Ibẹ̀ ni ohùn akéwì ti ń rọ̀ tí ó tún ń ta jí.

Wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n, mo sì dúpẹ́ pé n kò kánjú lọ. Kí wọ́n tó tú u palẹ̀, wọ́n fi ẹfun fa ìlà láti ara ìdajì mọ́tò kan dé ara ìdajì kejì, kí àwọn méjèèjì lè padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò gẹ́lẹ́. Wọ́n fi bẹntiróòlù fọ epo àtijọ́ kúrò, ní ìta gbangba, wọ́n sì lé ọmọ iṣẹ́ wọn tí ń ṣáná sí síga jìnnà réré. Búṣì òkè ṣì dára; wọ́n rì í sínú epo ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n yá lórí iná díẹ̀, ó sì sùn nínú rẹ̀ mọ́jú. Ti ìsàlẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Wọ́n gbé e lọ bá ẹnìkan tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Ìdímù, ẹni yẹn sì gbẹ́ òmíràn láti ara ọ̀pá idẹ. Ọ̀gá sọ òótọ́ fún mi pé búṣì tuntun yìí kò ní mu epo bíi ti àtijọ́, nítorí idẹ gbọnrangandan ni, kò ní ihò nínú. Nítorí náà wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú epo yí i ká, wọ́n sì ní kí n máa kán epo méjì sí i lọ́dọọdún, kì í ṣe mẹ́ta. Táyà rọ́bà ni wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀, tí wọ́n sì fi iyanrìn-pépà ha ojú rẹ̀ tí ó ti dán bí dígí.

Ohun tí ó gba àkókò jù ni dídè é padà. Búṣì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn ṣánṣán. Bí ọ̀kan bá fi bí irun orí ṣe nípọn tó yẹ̀, ọ̀pá á tún há. Wọ́n á dè ìdè kan díẹ̀, wọ́n á fi ìka yí ọ̀pá wò, wọ́n á dè èkejì díẹ̀, wọ́n á tún yí i wò. Mo rántí bí a ṣe ń tún gbólóhùn kan kọ nígbà mẹ́wàá. Gbogbo owó tí wọ́n gbà kò ju ohun tí mo ń ná sórí epo jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n bi mí pé: "Iná wo lẹ fi ń lò ó ná?" N kò mọ̀ pé ìbéèrè ń bẹ níbẹ̀. Mọ́tò irú èyí a máa tẹ̀ lé ìlù tí iná bá lù fún un. Iná Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìgbà 60. Bí ẹ̀gbọ́n wa kan bá kó ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù onímọ́tò bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti New York, tí ó sì ra ẹ̀rọ tí ń bu iná kù kí ó má bàa jóná, àwo yóò yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré tí ó yẹ ni yóò máa sá: àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, bí ìgbà 28 ni yóò máa yí, àfi bí a bá pààrọ̀ orí ọ̀pá mọ́tò rẹ̀. Ohùn á wálẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta lórí dùùrù. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa tilẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí eré ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó ń pinnu iye ìgbà náà. Bí ẹnìkan bá tan áyọ́ọ̀nù ní yàrá kejì, ẹ́ńjìnnì á fà, 50 á di 47, akéwì á sì gbàgbé ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ tí ó ń pè lọ́wọ́. Ínfátà tí ó dára kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tirẹ̀ dúró ṣinṣin. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ti ní ínfátà tàbí iná oòrùn, òun ni kí ó lò fún iṣẹ́ yìí.

Ìdánwò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lè ṣe láìní ju aago orí fóònù lọ. Ẹ lẹ ìwé pélébé kan mọ́ etí àwo, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ìwé náà kọjá níwájú yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Fún àwo ńlá tí ń yí ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta, ọgọ́rùn-ún géérégé ni ó yẹ kí ó jẹ́. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ bàbá mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 94, 97, 91. Kì í ṣe pé ó dín nìkan, kò tilẹ̀ dín bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni ó wà nínú ewu. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ọ̀pọ̀ giramafóònù ìgbà yẹn kò mọ iná. Sípíríǹgì ni ó ń yí mọ́tò rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń lọ́ ọ, bí ó bá sì ti ń tú tán ni ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Túndé King kọ jùjú tirẹ̀ sínú àwo ní ọdún 1936. Ní 1964, Hubert Ògúndé kọ orin Yorùbá Ronú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀, Star Records, kí èrè iṣẹ́ wọn lè dé ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn akéwì wá. Láńrewájú Adépọ̀jù tí ó kọ Ìrònú Akéwì àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ tí ó kọ Àròyé Akéwì, àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ẹsẹ̀ kan sínú ìwé, tí wọ́n fi èkejì sínú àwo. Adépọ̀jù ti lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. A kò lè pe e padà wá láti wá ka ewì rẹ̀ fún wa bí ọ̀rọ̀ kan bá rú wa lójú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni a ń fi irin àtijọ́ ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń gbé e síbẹ̀. Bí kò bá sí tiwọn ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ní gbọ́ ewì kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: inú ẹ̀rọ wo ni wọ́n ti da ohùn náà jáde? Mo ti gbọ́ ewì kan tí mo mọ̀ dunjú lórí fóònù ọmọ mi, tí ohùn akéwì tinrín bí ti ọmọdé nítorí pé àwo ti yára jù. Èyí tí ó yára tàbí tí ó lọ́ra dọ́gbadọ́gba, ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe. Èyí tí ó ṣe ségesège ni iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, pàápàá bí kò bá sí ẹni tí ó mọ bí ohùn náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tí ó wà nínú mọ́tò lónìí, ọ̀gá kan ní Ìkọ̀tún lè yọ ọ́ kúrò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àṣìṣe kan náà, bí a bá ti dà á sórí fóònù tí a sì ju àwo sí ààtàn, ó ti di ara ewì nìyẹn. Ọmọ tí a bí ní ọdún 2030 yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ọkọ̀ ni akéwì wí.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sì sọ fún mi ní tààrà pé ìjókòó kò tó ní kíláàsì àwọn, kí n má bá àwọn sọ ti rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọn kò jẹ̀bi. N kò ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ra ẹ̀rọ. Ẹ̀ka mẹ́fà ni a pín Alímọ̀ṣọ́ sí: ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ àti agbègbè ìdàgbàsókè márùn-ún. Bí ẹ̀rọ kan tí mọ́tò rẹ̀ pé bá wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn olùkọ́ sì ń gbé e yí ká láàárín ara wọn, ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwo wà nílé àwọn àgbàlagbà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àjà, eku ń jẹ páálí rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Kí a máa dà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá ti ka ọgọ́rùn-ún pé. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025 ti fi àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù kún iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì lè yàn. N kò rí ìdí tí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti olùkọ́ Yorùbá kò fi lè jọ dúró síwájú kíláàsì kan náà fún wákàtí kan. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù lọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo wí, òun náà sì ń sọ pé òun fẹ́ lọ ra ọ̀kadà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo tún gbé ẹ̀rọ náà padà sí SS 2. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ni mo ní kí ó ka yíyí àwo, àwọn yòókù ń bá a kà á sókè. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n pariwo ọgọ́rùn-ún. Mo gbé àwo bàbá mi lé e, mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Akéwì kọjá níbẹ̀ wẹ́rẹ́, dùndún sì tún ọ̀rọ̀ náà wí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yí orí sí mi.

"Kì í ṣe ọkọ, sà. Kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ọkọ́ ni."